Okùn tí àwọn káúbọ́ì fi ń mú màlúù: ṣé ó yẹ kí a fi so ẹran mọ́lẹ̀?

Àgbẹ̀Ẹ̀yìnÒkun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìtòsí Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé. Mo ra ilẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú, mo sì ń sin ewúrẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú abo màlúù méjì tí kò tíì bímọ. Aládùúgbò mi kan, tí iṣẹ́ màlúù jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn, fún mi ní okùn gígùn kan tí ó le gan-an. Ojú kékeré kan wà ní ìparí rẹ̀, èyí tí ara okùn fúnra rẹ̀ ń gbà kọjá láti di ojóbó. Ó ní irú rẹ̀ ni àwọn káúbọ́ì fi ń mú ẹran, èmi náà sì ti rí i lọ́wọ́ wọn lórí ẹṣin.

Líle okùn yìí ni ó ń rú mi lójú. Ní Òkè-Ògùn tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, okùn tí ó bá rọ̀ jù ni a máa ń wá láti so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, nítorí ọrùn ẹran. Èyí tí wọ́n fún mi yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: bí mo bá gbé e sílẹ̀, ojóbó rẹ̀ á la ẹnu sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣé ó ti gbó ni, àbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣé mo lè fi so àwọn ẹran mi lọ́sàn-án kí wọ́n máa jẹko? Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ bí okùn yìí ṣe di ohun iṣẹ́ àwọn ará ibí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀, nítorí àwọn ọmọ mi ń béèrè, n kò sì fẹ́ máa méfò fún wọn.

Ẹlẹ́ṣin_Oklahoma

Ẹ kú oko o, Bọ̀dá. Okùn yín kò gbó. Líle yẹn ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó wà lórí ẹṣin ní láti máa yí ojóbó lókè orí rẹ̀ bí ẹṣin ti ń sáré, kí ó sì jù ú sí ẹran tí òun náà ń sáré níwájú. Bí okùn bá rọ̀, ẹnu ojóbó á ti pa dé kí ó tó débẹ̀, orí ẹran kò sì ní rí ibi wọ̀. Okùn líle ni ó máa ń jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ là títí yóò fi balẹ̀ síbi tí a rán an, òun náà ni ó sì ní ìwúwo tí afẹ́fẹ́ kò fi ní máa gbé e kiri.

Nálọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn lóde òní, tàbí nálọ́ọ̀nù tí wọ́n pò mọ́ polyester, tí wọ́n lọ́ ní ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n sì fi oríṣi ìda kan rẹ kí ó lè dúró gan-an. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, okùn manila ni ó wọ́pọ̀ jù ní Texas, èyí tí wọ́n ń rí láti ara irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ó ń hù ní Philippines. Lẹ́yìn ogun ni nálọ́ọ̀nù gba ipò rẹ̀, nítorí pé kì í jẹrà bí òjò bá pa á, kì í sì í tètè já. Sísanra rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ínṣì 3/8 lọ, ìyẹn kò tó ìka ọwọ́ àgbàlagbà.

Gígùn àti líle rẹ̀ wá yàtọ̀ sí ara wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe. Nínú eré ìje tí ẹlẹ́ṣin méjì ti jọ máa ń mú màlúù kan, ẹni àkọ́kọ́ ni yóò ju okùn sí ìwo, ẹnì kejì yóò sì mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Okùn ti ẹni àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30, ó sì máa ń rọ̀ díẹ̀, kí ó lè yára dì mọ́ ìwo. Ti ẹnì kejì máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà 35, ó sì máa ń le jù ú lọ, nítorí ojóbó rẹ̀ ní láti dúró ní ìnaró lábẹ́ ikùn ẹran títí ẹsẹ̀ méjèèjì yóò fi bọ́ sínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó mú, wọ́n á fi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kún àkókò wọn. Ẹ fi ọwọ́ tẹ èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín wò: bí ó bá ń gbéra padà bíi wáyà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ẹsẹ̀.

Ojú kékeré tí ẹ rí yẹn ni wọ́n ń pè ní honda. Ẹ óò rí awọ tàbí ike kan tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀, kí okùn tí ń sáré gba ibẹ̀ kọjá má baà jẹ ẹ́. Bí èyí bá ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lo okùn náà.

Ẹ má fi í sínú ọkọ̀ nínú oòrùn Texas. Ooru máa ń sọ ọ́ di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, òtútù a sì tún mú un le ju bí ó ti yẹ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí wọ́n ń fi í jẹun fi máa ń ká a sínú agolo ńlá tàbí àpò tirẹ̀.

Ní ti síso ẹran mọ́lẹ̀, rárá o. N ó fi èyí sílẹ̀ fún àwọn tí ó jẹ́ iṣẹ́ wọn.

Ìtàn_Kì_í_Sùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ọjọ́ ojóbó ti pẹ́ ju ọjọ́ káúbọ́ì lọ fíìfíì. Ní tẹ́ńpìlì Seti Kìíní ní Abydos, ní ilẹ̀ Íjíbítì, àwòrán kan wà tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri, níbi tí ọba Ramesses Kejì àti ọmọ rẹ̀ ti ń fi okùn mú akọ màlúù, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta báyìí. Herodotus, òpìtàn ilẹ̀ Gíríìsì, náà kọ nípa àwọn ẹlẹ́ṣin Sagartia tí wọ́n wà nínú ọmọ ogun Páṣíà, pé okùn awọ híhun ni wọ́n gbójú lé lójú ogun, tí wọ́n ń fi ojóbó rẹ̀ fa ènìyàn àti ẹṣin mọ́ra kí wọ́n tó pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín, Mexico ni ó ti wá. Lẹ́yìn tí àwọn ará Sípéènì ṣẹ́gun ibẹ̀ ní 1521, màlúù tí wọ́n kó wọlé pọ̀ sí i lórí pápá tí kò ní ọgbà, wọ́n sì di ẹran ìgbẹ́ pátápátá. Àkọ́kọ́ ná, ọ̀kọ̀ kan tí abẹ rẹ̀ tẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni àwọn ẹlẹ́ṣin fi ń mú wọn: wọ́n á fi gé iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹran láti orí ẹṣin, ẹran á ṣubú, wọ́n á bó awọ rẹ̀, wọ́n á kó ọ̀rá rẹ̀, wọ́n á sì fi ẹran ara rẹ̀ sílẹ̀ fún igún. Ìfiṣòfò yìí pọ̀ débi pé àwọn aláṣẹ fi òfin de ọ̀kọ̀ náà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún kan náà. Okùn ni ó ṣeé lò láti mú ẹran láàyè, kí wọ́n sì fi irin gbígbóná sàmì sí i lára, kí olówó rẹ̀ lè dá a mọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ọmọ Sípéènì nìkan ni ó wà lórí ẹṣin wọ̀nyẹn. Àwọn onílẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, àti àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà méjì papọ̀, wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà ní ojoojúmọ́, ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ okùn sì ti gbó.

Nígbà tí wọ́n fi ìwo (ìyẹn kùkùté kékeré tí ó yọ sókè, tí a ń so okùn mọ́) sí iwájú gàárì, ọ̀nà méjì ni àwọn tí ó jogún iṣẹ́ yìí gbà. Ní California, àti títí dé Nevada, ẹlẹ́ṣin kì í so ìdí okùn mọ́ gàárì; bí ojóbó bá ti mú ẹran tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yára yí okùn mọ́ ìwo gàárì, tí yóò sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹran bá ti ń fà. Ní Texas, ní tiwọn, wọ́n á ti so ìdí okùn mọ́ ìwo gàárì pinpin kí wọ́n tó jù ú rárá. Igbó ẹlẹ́gùn-ún pọ̀ ní gúúsù Texas, àyè láti yí okùn tàbí láti máa tú u kò sì sí. Ìdí nìyí tí okùn wọn fi kúrú, tí wọ́n sì fi ń de gàárì wọn ní ọ̀já méjì mọ́ ẹṣin kí màlúù má baà fà á ṣí kúrò.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn òpìtàn fojú bù ú pé bíi ẹnì kan nínú àwọn daran-màlúù mẹ́rin ni ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀kan nínú wọn, Dan Walker, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ lóko bàbá Will Rogers ní agbègbè tí ó di Oklahoma, ni ó kọ́ Rogers ní okùn jíjù ní kékeré, Rogers yìí ni ó sì wá fi okùn lókìkí lórí pèpéle New York. Bill Pickett ti Texas, tí wọ́n bí ní 1870, kò tilẹ̀ bá okùn ṣe wàhálà: yóò fò láti orí ẹṣin sí orí màlúù tí ń sáré, yóò di ìwo rẹ̀ mú, yóò sì yí ọrùn rẹ̀ títí yóò fi ṣubú. Mo rò pé ìyẹn ni àwọn ọmọ yín yóò fẹ́ràn jù.

Aláwọ_Híhun

Mo fara mọ́ ohun tí Ẹlẹ́ṣin sọ, àfi pé ó fo okùn awọ dá, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ṣì ń lò ó ní Nevada, California àti Oregon títí di òní. Awọ màlúù tútù ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi oògùn sọ di rírọ̀. Ẹni tí ń ṣe é á bẹ̀rẹ̀ láti etí awọ, á máa gé e yípoyípo lọ sí àárín, kí ó lè rí ọ̀já gígùn kan tí kò ní oríkèé. Yóò fá irun rẹ̀, yóò sì mú kí fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba láti òkè délẹ̀, nítorí pé ibi tí ó bá tín-ín-rín ni yóò ti já. Lẹ́yìn náà ni yóò rẹ ẹ́ sómi díẹ̀, yóò sì hun ọ̀já mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ pọ̀. Ọ̀rá màlúù ni wọ́n fi ń pa á lára lẹ́yìn ìyẹn, wọn kì í sì í fi í sílẹ̀ síbi tí ajá tàbí eku lè dé, nítorí oúnjẹ ni lójú àwọn yẹn.

Irú okùn báyìí lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wúwo, nítorí náà a lè jù ú jìnnà láìyí i lókè orí púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í nà. Bí ẹ bá so ó pinpin mọ́ gàárì bí ti Texas, tí akọ màlúù ńlá sì já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀já kan yóò já, ìyókù yóò sì tẹ̀lé e. Èmi rò pé èyí ni olórí ìdí tí àwọn ará California fi ń yí i mọ́ ìwo gàárì, kì í kàn án ṣe ọ̀ràn àṣà. Àwọn náà ní ìyà tiwọn: ẹni tí àtàńpàkò rẹ̀ bá há sáàárín okùn àti ìwo gàárì nígbà tí màlúù bá fà, ó lè pàdánù rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ti pàdánù rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ó kọ àtàńpàkò sókè nígbà tí ó bá ń yí okùn.

Dókítà_Ẹran

Ẹ kú ìtọ́jú ẹran o, sà. Ìbéèrè yín kejì ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí òun ni ó lè pa ẹran yín. Ẹ má fi okùn yẹn so wọ́n mọ́lẹ̀. Ojóbó tí ń sáré kì í dúró, bí ẹran bá ti ń fà á ni yóò máa fún un lọ́rùn sí i, kò sì ní tú bí ẹran bá sinmi, nítorí okùn líle yìí máa ń há mọ́ inú honda. Ní pápá, ọwọ́ ènìyàn wà nídìí rẹ̀: bí màlúù bá ti dúró, ẹlẹ́ṣin á dẹ okùn, á sì yọ ọ́ kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ewúrẹ́ tí ẹ so mọ́ èèkàn kò ní ẹni tí yóò dẹ ẹ́ fún un. Kí ajá kan ṣáà gbó mọ́ ọn lójijì, yóò sáré títí okùn yóò fi tán, ibẹ̀ ni yóò sì parí sí.

Bí ẹ bá fẹ́ so wọ́n dandan, ẹ ra ìdè ọrùn tí ó fẹ̀ tàbí ìdè orí tí kò lè fún mọ́ ọn, kí àyè ìka méjì tàbí mẹ́ta sì wà láàárín òun àti ara ẹran. Okùn òwú tí ó rọ̀ ni kí ẹ lò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe kọ́ yín nílé, nítorí nálọ́ọ̀nù máa ń sun awọ ẹsẹ̀ bí ó bá lọ́ mọ́ ọn. Ẹ fi irin tí ń yí sáàárín okùn àti èèkàn kí okùn má baà lọ́ títí yóò fi kúrú, kí ẹ sì gbá èèkàn wọlẹ̀ jìnnà sí igi àti ọgbà. Bí ó bá sì jẹ́ pé okùn nìkan ni ẹ ní, kókó tí kì í sáré ni kí ẹ ta: ẹ ṣe òrùka kékeré sí ara okùn, ẹ fi ìdí okùn gba inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ẹ yí i gba ẹ̀yìn okùn gígùn, ẹ dá a padà sínú òrùka kan náà, kí ẹ wá fà á le. Bí ẹran fà á tọ̀sán-tòru, kò ní fún ju bí ẹ ti ṣe é lọ, yóò sì rọrùn láti tú.

Ní tòótọ́, n kì í gba àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nímọ̀ràn láti so ewúrẹ́ ní Texas. Ewúrẹ́ tí wọ́n so kò lè sá fún ajá tàbí coyote, ẹranko ìgbẹ́ kan tí ó jọ ajá, kò sì lè wá ibòji fúnra rẹ̀ lóṣù kẹjọ. Ọgbà wáyà oníná tí a lè ká kúrò níbì kan lọ síbòmíràn sàn jù. Ní ti abo màlúù yín, bí wọn kò bá tíì mọ ìdè orí, wọn yóò bá okùn jà, wọ́n sì lè dá ara wọn lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́rùn. Inú ọgbà kékeré ni kí ẹ ti kọ́kọ́ jẹ́ kí ìdè orí mọ́ wọn lára.

Àgbẹ̀Ẹ̀yìnÒkun

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Dókítà, ọ̀rọ̀ coyote yẹn wọ̀ mí lára, n ó ra wáyà.

Ohun kan kù tí ó ń ta ko ara rẹ̀ lójú mi. Níbi rodeo ńlá, ìyẹn ìdíje àwọn káúbọ́ì, tí wọ́n máa ń ṣe ní Houston lọ́dọọdún, mo rí ọkùnrin kan tí ó ju okùn mú ọmọ màlúù, tí ó sì ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú. Ṣé okùn kan náà kọ́ ni ó fi mú un tí ó sì fi so ó? Mo tún fẹ́ mọ bí n ó ṣe mú àwọn abo màlúù méjèèjì yìí fún abẹ́rẹ́, nítorí n kò ní ẹṣin.

Ẹlẹ́ṣin_Oklahoma

Okùn méjì ni, Bọ̀dá, eré ni ó yá tí ẹ kò fi rí ìkejì. Èyí tí ó jù yẹn wà lọ́rùn ọmọ màlúù títí dé òpin, ìdí rẹ̀ sì wà lára gàárì. Bí ọkùnrin náà bá ti fò sílẹ̀, ẹṣin fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi ẹ̀yìn rìn kí okùn má baà dẹ̀. Wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ẹṣin ní èyí, òun ni mo sì kà sí iṣẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Yóò sáré bá ọmọ màlúù, yóò dà á dùbúlẹ̀, yóò wá fa okùn kúkúrú kan tí ó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yọ láàárín eyín rẹ̀, ìyẹn ni yóò sì fi di ẹsẹ̀ mẹ́ta pọ̀. Yóò padà sórí ẹṣin, yóò dẹ okùn gígùn, ọmọ màlúù sì gbọ́dọ̀ wà ní dídè fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà kí wọ́n tó ka àkókò rẹ̀ sí. Bí ó bá jàjà tú ṣáájú ìgbà náà, gbogbo iṣẹ́ náà já sí asán.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò ti ní ẹṣin, ẹ má dán okùn yẹn wò lára abo màlúù yín. Èyí tí ó bá wúwo tó kílógíráàmù 300 yóò wọ́ yín gba gbogbo oko kọjá, bí ẹ bá sì ti yí okùn mọ́ ọwọ́, ẹ kò ní lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ máa fún wọn lóúnjẹ láti inú garawa kan náà, ní ibì kan náà, lójoojúmọ́, inú ọgbà tóóró tí ẹnu rẹ̀ ṣeé tì ni kí ó sì jẹ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró garawa, fúnra wọn ni wọn yóò wọlé, ẹni tí yóò fún wọn lábẹ́rẹ́ yóò sì wà ní ẹ̀yìn irin ọgbà.

Aláwọ_Híhun

Kí okùn ọ̀fẹ́ yín má baà ṣòfò, ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ń ta orí màlúù oníke ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹran, èyí tí ó ní irin méjì lẹ́yìn tí a lè gún mọ́ ìdì koríko gbígbẹ. Kí wọ́n dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ ṣiṣẹ́ ju èjìká lọ nígbà tí wọ́n bá ń yí i. Ẹ ra honda kan sí i tí ó máa ń já sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti fà á, kí ẹ sì pààrọ̀ ti ara okùn yín sí i, nítorí bí ẹ bá kúrò níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, orí oníke kọ́ ni wọn yóò máa jù ú sí mọ́, àbúrò wọn tàbí ajá ilé ni.